Àyẹ̀wò Ọkàn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Eléré-Ìdárayá: Ojúṣe Olùkọ́ àti Ẹgbẹ́ Aṣèrànwọ́ ní Kòsọ́fẹ́

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ọmọ tó ń sáré, tó ń gbá bọ́ọ̀lù láìsinmi, ti ní ìlera náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Èrò yìí kò fi gbogbo ara jẹ́ òótọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, a óò ṣàlàyé ohun tí àyẹ̀wò ọkàn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Lẹ́yìn náà, a óò sọ ibi tí ó yẹ kí ètò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kétu, Ìkòsì àti Máìlì 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́.

Ẹ̀rí láti Orí Pápá
Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, Samuel Okwaraji, agbẹjọ́rò tó tún jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ṣubú lulẹ̀ ní pápá-ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà figagbága. Kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bí ó ṣe yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2003, Marc-Vivien Foé, ọmọ Kamẹrúùnù, ṣubú ní ìlú Lyon, ó sì kú. Iṣan ọkàn rẹ̀ ni ó ki jù. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2020, Chineme Martins ti ẹgbẹ́ Nasarawa United tún ṣubú ní Lafia, ó sì kú.

Ọ̀nà kejì wà. Ní ọdún 1996, lẹ́yìn tí Nwankwo Kanu gba wúrà ní Atlanta, àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ Inter Milan ṣe fún un fi àbùkù ọkàn hàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sórí pápá. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àyẹ̀wò ń fòpin sí eré ọmọ.

Ìpele Àyẹ̀wò
Ìpele mẹ́ta ni àyẹ̀wò yìí ní. Èkínní ni ìbéèrè:
(i) Ǹjẹ́ ọmọ náà ti dákú rí nígbà tó ń sáré?
(ii) Ṣé àyà máa ń dùn ún, tàbí kí ọkàn rẹ̀ máa lù kìkì, lórí pápá?
(iii) Ṣé èémí rẹ̀ máa ń tètè tán ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ?
(iv) Ǹjẹ́ ẹnìkan nínú ìdílé rẹ̀ kú lójijì kí ó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún?

Ìbéèrè kẹrin ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àìsàn yìí a máa ti inú ìdílé wá. Èkejì ni kí dókítà tẹ́tí sí ọkàn, kí ó sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ ECG, tó ń ya bí iná inú ọkàn ṣe ń rìn sórí bébà. Ní Ítálì, òfin ọdún 1982 sọ àyẹ̀wò yìí di dandan fún àwọn eléré-ìdárayá. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 láti agbègbè Veneto fi hàn pé ikú òjijì láàrin wọn dín kù láti nǹkan bí 3.6 sí 0.4 nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) ènìyàn lọ́dún.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì í rí ohun gbogbo. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwòrán ọkàn eléré-ìdárayá tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú lè yàtọ̀ láìsí àìsàn kankan. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2017 tẹnu mọ́ èyí. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá kà á, a lè dẹ́rù ba ọmọ tí ara rẹ̀ le.

Ohun tó Yẹ Kí Ìpàdé Ẹgbẹ́ Fẹnu Kò Lé Lórí
Àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ bíi Rotary àti Lions ti mọ́ wa lára pẹ̀lú àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá jókòó ìpàdé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ní Kétu, kí wọ́n tó mú ọjọ́ àyẹ̀wò, ó yẹ kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: Ta ni yóò ka àbájáde? Ta ni yóò sanwó ìtọ́jú ọmọ tí a bá rí nǹkan lára rẹ̀? Báwo ni a óò ṣe gba àṣẹ òbí, tí a ó sì pa àṣírí ọmọ mọ́? Ta ni yóò kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìrànwọ́ àkọ́kọ́?

Ìbéèrè kẹrin ni a kì í sábà rántí. Bí ọmọ bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí ẹnìkan pe 767 tàbí 112. Kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ní ìgbà 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan, láìdáwọ́ dúró títí ìrànwọ́ yóò fi dé. Irú ìrànwọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi iná ta ọkàn jí, ni ó gba ẹ̀mí Christian Eriksen là ní ọdún 2021.

Àgbálọgbábọ̀
Ìbéèrè àti ìrànwọ́ àkọ́kọ́ kò gba owó ńlá. Olùkọ́ tí a ti kọ́ lè ṣe méjèèjì. Kí àwọn ẹgbẹ́ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ọmọ bá sọ pé àyà ń dun òun lórí pápá, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ dá a dúró, ẹ pe òbí rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó tún sáré.