Oògùn Ibà Kì í Ṣiṣẹ́ Dáadáa Nínú Òfìfo Ikùn

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá kírun tán ní Àpápá GRA, a máa ń jókòó ti tábìlì ìlera lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ìyá tó ń ti Ajégúnlẹ̀ wá: "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ọmọ mi lo oògùn ibà tán, kí ló dé tí ibà tún padà?" Àwa náà á bi wọ́n pé kí ni ọmọ fi lo oògùn. "Omi lásán ni, kò lè jẹun." Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Láti ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi ACT ṣe oògùn àkọ́kọ́ fún ibà. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ni artemether pẹ̀lú lumefantrine. Artemether ló ń yára pa kòkòrò ibà. Lumefantrine ló ń dúró pẹ́ lára láti pa àwọn tó bá ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n lumefantrine àti omi kò rẹ́. Ọ̀rá ló máa ń gbé e wọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn tí kò ṣàìsàn, èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá tó ìlọ́po 16 ti ẹni tí kò jẹun.

Àwọn onímọ̀ ń wá ojútùú. Ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Prud'homme àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lumefantrine di egunrín tí ojú kò lè rí, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2019. Nánòmítà ni wọ́n fi ń wọn irú egunrín bẹ́ẹ̀: tí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan ni nánòmítà. Ẹ wo ṣúgà nínú tíì: onígun ń pẹ́ kó tó yọ́, èyí tó kúnná kì í pẹ́ rárá.

Nínú omi ni wọ́n ti ń ṣe egunrín yìí, omi kò sì ṣeé tọ́jú pẹ́. Nítorí náà wọ́n ń fín in, bí a ṣe ń fín oògùn ẹ̀fọn, sínú àgbá ńlá tí afẹ́fẹ́ gbígbóná wà. Lójú ẹsẹ̀ ni omi á gbẹ, lẹ́búlẹ́bú á ṣẹ́ kù. Ooru náà kì í tètè ba oògùn jẹ́, torí omi tó ń gbẹ ń mú ooru lọ, bí omi tó ń láàgùn lára àmù ṣe ń mú kí ti inú rẹ̀ tutù. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: ọdún 1872 ni Samuel Percy ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Amẹ́ríkà, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe mílíìkì oníyẹ̀fun tó wà nílé wa.

Kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a lo èyí tó wà nílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi mílíìkì ọlọ́ràá, àkàrà tàbí ẹyin lo oògùn. Ọmú ìyá tó fún ọmọ ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni lílò rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta: ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Tí ara bá tilẹ̀ tutù, ẹ má dáwọ́ dúró. Tí ọmọ bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ tún un fún un. Ẹ má tú oògùn kúrò nínú páálí àti ọ̀rá rẹ̀ títí ẹ ó fi lò ó, torí afẹ́fẹ́ Àpápá kún fún ọ̀rinrin. Ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC.

Bí ibà bá mú yín nínú Ramadan, ẹ má torí ààwẹ̀ sún àkókò oògùn síwájú. Àlùkùránì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ tí gìrì bá mú, tí kò lè mu omi, tàbí tó ń bì ohun gbogbo, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.