"Àlàájì, òrùlé yín máa ṣí lọ o!" Ẹ wo bí káfíńtà tó mọṣẹ́ ṣe ń gba onílé sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ojú ọ̀run á kàn ṣàdédé ṣú, atẹ́gùn á dé, kí onílé tó lanu pariwo, páànù ti ká kúrò lórí ilé, ó ti lọ balẹ̀ sí àdúgbò kejì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nílẹ̀ Yorùbá nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá dé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ onílé á ní ayé ló ń bá àwọn jà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi káfíńtà tó mọṣẹ́, á ní kì í ṣe ayé, owó tí wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ ló ṣí òrùlé lọ.

Orí iye pákó tí káfíńtà kọ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Onílé á wò ó, á fajú ro: "Káfíńtà, ṣé o fẹ́ fi ilé mi kọ́lé tìẹ ni? Fi 2×3 ṣe é jàre!" Èyí tí ebi ń pa lára wọn á ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ orúkọ rere á rẹ́rìn-ín, á ní, "Àlàájì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. 2×3 méjì ló wà nínú 2×6 kan. Àmọ́ tá a bá gbé e nàró, ẹrù tó máa gbé tó ti 2×3 mẹ́rin. Ẹ san owó méjì, ẹ gba agbára mẹ́rin, ṣé èrè kọ́ nìyẹn?" Bí onílé bá ti gbọ́ èrè, ara ẹ̀ á rọ̀.

Pákó tútù náà tún ńkọ́? Torí pé kò wọ́n, wọ́n á ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bí ooru páànù bá gbẹ ẹ́ tán, á súnkì, á lọ́, ìṣó ara ẹ̀ á sì dẹ̀. Ọ̀gá káfíńtà kì í jiyàn lórí ìyẹn, á gbé tútù lé onílé lọ́wọ́ kan, á gbé gbígbẹ lé èkejì, kó fọwọ́ ara ẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ti ikán náà ò gbẹ́yìn. Ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìrókò àti àpá jẹ, àmọ́ àràbà, ẹran ìjẹ ẹ̀ ni. Ẹni tí owó ẹ̀ ò bá ká ìrókò, kó ra oògùn ikán, kí wọ́n kùn ún kí pákó tó gòkè. Tí sílíńgì bá ti bò ó, ta ló tún máa rí i?

Èyí tó léwu jù ni ti irin tí wọ́n fi ń de pákó òrùlé mọ́ ògiri. Àwọn onílé kan á ní ká fò ó, pé páànù wúwo tó. Irọ́ ni! Atẹ́gùn tó bá wọ abẹ́ òrùlé, sókè ló ń gbé e.

Tí owó ò bá tó lóòótọ́, káfíńtà gidi á ní, "Ẹ jẹ́ kí sílíńgì dúró di ọdún tó ń bọ̀, àmọ́ ẹ má dín egungun òrùlé kù." Bí onílé bá ṣì kọ̀, á kó òòlù àti ayùn ẹ̀, á máa lọ. Ìdí ni pé lọ́jọ́ tí igi bá já lé ọmọ ayálégbé lórí, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹni tó dínwó kù, "Ta ni káfíńtà?" ni wọ́n máa béèrè.

Ẹ̀yin onílé, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Káfíńtà tó bá ń bá yín jiyàn, ẹ má tètè lé e.