Awuyewuye láàrin Elliott Management àti Twitter

Awuyewuye láàrin Elliott Management àti Twitter jẹ́ ìjà lórí ìdarí iléeṣẹ́ tí ó wáyé ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Elliott Management, iléeṣẹ́ ìdókòwò tí Paul Singer dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, ra ìpín nínú Twitter, ó sì fẹ́ kí wọ́n yọ Jack Dorsey kúrò ní ipò ọ̀gá àgbà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún náà fi Dorsey sílẹ̀ sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé àfojúsùn tuntun ka iwájú iléeṣẹ́ náà.

Olùdókòwò ajàfẹ́tọ̀ọ́

Olùdókòwò ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni ẹni tàbí iléeṣẹ́ tí ó ra ìpín nínú iléeṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú èrò láti yí bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀ padà. Kò pọn dandan kí ó ra ìdajì ìpín náà. Ìpín mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún lè tó, bí ó bá rí àwọn onípìn-ín yòókù fà mọ́ra. Ohun ìjà rẹ̀ ni lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ olùdarí, ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn, àti ìbò ní ìpàdé ọdọọdún, níbi tí ó ti lè fa àwọn ènìyàn tirẹ̀ kalẹ̀ fún ipò nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ìdí tí Twitter fi wà nínú ewu

Ọdún 2006 ni wọ́n dá Twitter sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín fún gbogbo ènìyàn ní dọ́là 26 fún ìpín kan. Ọdún 2018 ni ó kọ́kọ́ jẹ èrè fún odidi ọdún kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, owó ìpín rẹ̀ kò tíì tó dọ́là 40, nígbà tí ìpín Facebook, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní dọ́là 38 ní ọdún 2012, ti di ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ pàtàkì mìíràn wà nínú ẹ̀tọ́ ìbò. Ní Facebook, irú ìpín kan wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ìbò mẹ́wàá, Mark Zuckerberg ni ó sì ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, kò sí onípìn-ín tí ó lè lé e kúrò. Snap tilẹ̀ ta ìpín tí kò ní ìbò rárá fún aráàlú ní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n ní Twitter, ìpín kan, ìbò kan ni. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Dorsey wà lára àwọn tí ó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, ìpín ọwọ́ rẹ̀ kéré, kò sì lè dáàbò bò ó.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Dorsey

Dorsey ń darí iléeṣẹ́ méjì pọ̀: Twitter àti Square, iléeṣẹ́ tí ó ń rí sí owó sísan. Àwọn alátakò rẹ̀ ní ẹnìkan kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì bí ó ti yẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ó ṣe àbẹ̀wò sí Nàìjíríà, níbi tí ó ti dé ìlú Èkó, àti sí Gánà, Ethiopia àti Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí ìrìn-àjò náà parí, ó kéde pé òun yóò gbé ní Áfíríkà fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ní ọdún 2020. Ìkéde yìí kó ìdààmú bá àwọn onípìn-ín kan. Ní ìdà kejì, àwọn òṣìṣẹ́ Twitter dìde láti gbè é lẹ́yìn, Elon Musk pẹ̀lú sì kọ ọ́ sórí ìkànnì náà pé òun ti Dorsey lẹ́yìn.

Àdéhùn náà

Iléeṣẹ́ ìdókòwò Silver Lake kó bílíọ̀nù dọ́là kan wá, Twitter sì kéde pé òun yóò fi bílíọ̀nù dọ́là méjì ra lára ìpín ara òun padà. Bí iléeṣẹ́ bá ra ìpín rẹ̀ padà báyìí, iye ìpín tí ó wà níta yóò dín kù, ìpín ọwọ́ àwọn tí kò tà yóò sì wúwo sí i. Jesse Cohn ti Elliott àti Egon Durban ti Silver Lake wọ inú ìgbìmọ̀ olùdarí. Wọ́n tún yan ìgbìmọ̀ kékeré kan láti yẹ ètò ìdarí iléeṣẹ́ náà wò àti bí wọn yóò ṣe yan arọ́pò fún ọ̀gá àgbà.

Àbájáde

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Twitter ṣe ìlérí pé owó tí yóò wọlé fún òun ní ọdún 2023 yóò tó bílíọ̀nù dọ́là 7.5, àti pé iye àwọn tí ń lo ìkànnì náà lójoojúmọ́, tí ìpolówó sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn, yóò ti kúrò ní mílíọ̀nù 192 di mílíọ̀nù 315 nígbà tí ọdún náà bá ń parí. Dorsey fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Parag Agrawal sì rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Musk ra gbogbo iléeṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù dọ́là 44, ó sì yọ ìpín rẹ̀ kúrò lọ́jà kí ọjọ́ ìlérí náà tó pé.

Irú ìfúnpá bẹ́ẹ̀ dé ibòmíràn. Elliott di onípìn-ín tí ó tóbi jù ní Pinterest ní ọdún 2022. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Brad Gerstner ti Altimeter Capital kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí Meta pé kí ó dín òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Meta dá òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 11,000 dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò Zuckerberg ṣì borí.

Àríyànjiyàn

Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn olùdókòwò ajàfẹ́tọ̀ọ́ sọ pé owó olówó ni àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ń ná, títí kan owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n jíhìn. Àwọn alátakò fèsì pé ìpolówó ọjà ni ìkànnì wọ̀nyí fi ń jẹun, àti pé ẹni tí ó bá ń lépa iye ènìyàn nìkan lè kọ etí ikún sí ìwà ìbàjẹ́ tí ó wà lórí ìkànnì rẹ̀. Wọ́n máa ń tọ́ka sí oṣù Keje ọdún 2018: Twitter ń pa àwọn àkáǹtì ayédèrú rẹ́, iye àwọn tí ń lò ó lóṣooṣù dín kù ní mílíọ̀nù kan, owó ìpín rẹ̀ sì já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Lójú wọn, ọjà ìpín fi ìyà jẹ iléeṣẹ́ náà nítorí pé ó gbá ilé ara rẹ̀ mọ́.