Agbárí erinmi wà ní London, àtọ̀ rẹ̀ kò sí níbì kankan

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Warri lọ sí Patani, ẹ ó rí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n so rọ̀ létí títì, kí ọlọ́kọ̀ lè dúró rà á. Bó bá jẹ́ akọ àgbọ̀nrín, kò sẹ́ni tó ka kórópọ̀n rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀, ẹran lè ti kú kí àtọ̀ inú rẹ̀ má tíì kú. Tí wọ́n bá tètè gbé kórópọ̀n náà sínú kúlà oníyìnyín, àtọ̀ lè wà láàyè di ọjọ́ kejì. Ní Sípéènì, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń gba kórópọ̀n àgbọ̀nrín lọ́wọ́ ọdẹ, wọ́n á fa àtọ̀ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì dì í pamọ́.

Àgbọ̀nrín tiwọn kọ́ ni tiwa o. Ti òkè òkun, irú èyí tó wà nínú Bíbélì, máa ń bọ́ ìwo lọ́dọọdún. Ní Áfíríkà, apá àríwá nìkan, bí Àlùjíríà àti Tùnísíà, ló ti jẹ́ ẹran ìbílẹ̀. Tiwa bá màlúù àti ewúrẹ́ tan, ìwo rẹ̀ kì í sì í bọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni a lè fi pa àtọ̀ àwọn méjèèjì mọ́.

Àṣìṣe ló bí ọgbọ́n ọ̀hún. Ní London, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta, Christopher Polge, Audrey Smith àti Alan Parkes, ń fi omi ṣúgà di àtọ̀ àkùkọ, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ń kú. Lọ́jọ́ kan, àtọ̀ jí. Wọ́n yẹ ìgò wò: gílísárọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀, àkọlé ara ìgò ló ti pààrọ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1949. Bí omi inú àtọ̀ bá dì, á di ẹ̀gún yìnyín tí yóò gún un ya. Gílísárọ́ọ̀lù ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rì í sínú náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ tó dìgírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 196 nísàlẹ̀ òdo. Ẹyin abo le ju ìyẹn lọ, nítorí ó tóbi, omi sì kún inú rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ń wá ọmọ fún ẹran tó fẹ́ parun. Ní Kẹ́ńyà, akọ àgbáǹréré funfun ti àríwá tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Sudan, kú ní 2018. Ó ku abo méjì péré, Najin àti Fatu. Láti 2019 ni wọ́n ti ń fi àtọ̀ dídì àwọn akọ tó ti kú sọ ẹyin Fatu di ọlẹ̀.

Àwa náà ní tiwa tó ti lọ. Erinmi ràrá kan gbé Niger Delta rí. Ní àwọn ọdún 1940, I.R.P. Heslop, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, yìnbọn pa mélòó kan, agbárí wọn sì dé London. Ní 1969, onímọ̀ ẹranko kan, Corbet, rí i pé wọ́n yàtọ̀ sí ti Làìbéríà, ó sì fún ẹ̀yà náà ní orúkọ Heslop. Orúkọ ẹni tó pa á ló jogún! Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti parun. Agbárí kò sì ní àtọ̀.

Irin iṣẹ́ kò jìnnà. NACGRAB, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, ti wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, láti 1987, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni títọ́jú irúgbìn àti ẹ̀yà ẹran. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe ọmọ inú ìgò ní Èkó àti Àbújá ní tánkì náítírójìn. Tánkì yìí kò tilẹ̀ nílò iná NEPA. Kìkì pé náítírójìn ń gbẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ máa bù ú kún un. Àgbọ̀nrín kò tíì wọ́n nínú igbó wa, òun gan-an ni mo rò pé ó yẹ ká fi kọ́ iṣẹ́ náà. Nǹkan àkọ́kọ́ tí a nílò ni ẹnì kan tí yóò gbé kúlà lọ bá ọdẹ létí títì, kí wọ́n tó fi iná wi ẹran.