Ata aláwọ̀ ewé inú ìgò: òróró nìkan kò lè pa á mọ́

Àwọn àgbà ní ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, ata lílọ̀ tí wọ́n fi ata tí kò tíì pọ́n ṣe, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní piment vert, kì í jìnnà sí àwo ẹ̀kọ, ìrẹsì tàbí ẹja díndín. Ọ̀pọ̀ ń rà á lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é fúnra rẹ̀ nílé mọ ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀. Ṣíṣe rẹ̀ kò le; ìpamọ́ rẹ̀ ni ewu wà.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata yìí ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò Christopher Columbus ní 1492 ni àwọn ọkọ̀ Potogí gbé e dé etíkun Áfíríkà. Kí ó tó dé, iyèré àti ataare ni ó ń ta lẹ́nu àwọn baba ńlá Yorùbá. Ní Mẹ́síkò títí dòní, wọ́n ń lọ ata aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ èso tomatillo nínú odó òkúta, bí àwọn ìyá ṣe ń lo ọlọ níhìn-ín.

Fún ìgò kékeré kan, ẹ wá ata rodo tí kò tíì pọ́n, ìwọ̀n 250 gíráàmù, àlùbọ́sà 1, ọmọ aáyù 5, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, iyọ̀ ṣíbí kékeré 2, òróró ṣíbí ńlá 3, àti fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó tó ìdajì ife. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ dáadáa, ẹ já ìdí ata, kí ẹ sì bó aáyù àti atalẹ̀. Ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀ kí ó má kúnná jù. Ẹ gbé òróró kaná, ẹ da ata sí i, ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì máa rò ó lórí iná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má ṣe dojú kọ èéfín rẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ po fínígà mọ́ ọn.

Bí ata bá ta yín lọ́wọ́, omi nìkan kò lè mú un kúrò, nítorí òróró ni èròjà tó ń ta náà ń yọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ fi òróró pa ọwọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ló kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òróró tí wọ́n dà bo ata ni ó ń dáàbò bò ó, wọ́n sì ń gbé ìgò náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan, Clostridium botulinum, ń gbé nínú erùpẹ̀, ó sì lè bá aáyù àti atalẹ̀ wọlé. Sísè lásán kì í pa èso rẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá dé, bí abẹ́ òróró, tí ooru sì wà, ó lè pọ̀ sí i kí ó sì mú májèlé jáde, láìjẹ́ pé ata náà ń rùn tàbí pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè máa rí nǹkan kan ní méjì, ìpéǹpéjú rẹ̀ lè wó, kí ó má sì lè gbé oúnjẹ mì. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe yọ fínígà kúrò, nítorí ìkan ń dí kòkòrò yìí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìkan nìkan kò tó: inú fìríìjì ni kí ìgò wà, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi ṣíbí tó mọ́ tó sì gbẹ bù ú, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára ìgò. Níbi tí iná mànàmáná bá ń lọ lemọ́lemọ́, ìwọ̀n ọjọ́ kan ni kí ẹ máa lọ̀.