Kàyééfì! Ẹja tí wọ́n ní kò sí láyé mọ́ yọjú, ni dẹ́rẹ́bà takisí bá ní òun ò lè gbé e

Bó bá jẹ́ pé dẹ́rẹ́bà takisí yẹn mọ ohun tí wọ́n gbé wá síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, bóyá ọ̀fẹ́ ni ì bá fi gbé e. Ṣùgbọ́n òórùn ẹja ni bàbá náà gbọ́, ló bá fárígá, ó ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò ní í wọ ọkọ̀ òun láéláé. Àfìgbà tí ọmọbìnrin tó pè é sọ ọ́ sí i lójú pé bí kò bá gbé e, òun máa pe takisí mìíràn, ni bàbá tó gbà.

Ìlú East London, ní orílẹ̀-èdè South Africa, lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ 22, oṣù Kejìlá, ọdún 1938. Marjorie Courtenay-Latimer lorúkọ ọmọbìnrin náà, ẹni ọdún 31 ni nígbà yẹn. Òun ló ń mójú tó mùsíọ́ọ̀mù kékeré tó wà nílùú náà. Kì í ṣe pé ó lọ sí yunifásítì kankan o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ti fẹ́ lọọ kọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbà á síbẹ̀ lọ́dún 1931. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti fẹ́ràn ẹyẹ, òdòdó àtàwọn nǹkan abẹ̀mí gbogbo. Ó ti bá àwọn apẹja sọ ọ́ tipẹ́ pé bí wọ́n bá kó ẹja wọlé, kí wọ́n máa pe òun wá wò ó.

Bí wọ́n ṣe pè é lọ́jọ́ náà nìyẹn. Díẹ̀ ló kù kó má lọ, nítorí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́ta péré, ló bá rò ó pé ó yẹ kóun lọọ kí wọn kú ọdún. Nígbà tó dénú ọkọ̀ apẹja tó ń jẹ́ Nerine, tí Hendrik Goosen jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, abẹ́ òkìtì ẹja ló ti rí lẹ́bẹ́ kan tó dúdú mìnìjọ̀ bí aró. Nígbà tí yóò fi tú òkìtì náà kúrò, ẹja tójú rẹ̀ ò rí rí ló rí. Ó gùn tó mítà kan ààbọ̀, ó wúwo tó kílò 57, ìpẹ́ rẹ̀ le koko, àwọn lẹ́bẹ́ rẹ̀ sì rí bí ẹsẹ̀ ẹranko.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ mùsíọ́ọ̀mù náà wo ẹja yìí, ó ní ẹja lásán ni. Ooru sì ń mú gan-an níbẹ̀ lóṣù Kejìlá, ẹja ò ní í pẹ́ẹ́ jẹrà. Ni Marjorie àti Enoch, òṣìṣẹ́ kan ní mùsíọ́ọ̀mù, bá gbé e sórí ọmọlanke, wọ́n ń tì í kiri ìgboro. Wọ́n gbé e dé mọ́ṣúárì, wọ́n ní àwọn ò gba òkú ẹja. Wọ́n gbé e dé kóòdù-rúùmù, ibẹ̀ náà lé wọn. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń bó awọ òkú ẹran, tí yóò sì kì í kó lè dúró bí ààyè, ni wọ́n gbé e sí nígbẹ̀yìn.

Marjorie ya àwòrán ẹja náà, ó fi í ránṣẹ́ sí J.L.B. Smith. Kẹ́mísìrì ni Smith ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé gíga ní Grahamstown, ìfẹ́ tó ní sí ẹja ló jẹ́ kó máa ṣe ìwádìí wọn. Ó ti lọ fún ìsinmi, ọjọ́ 3, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1939, ni lẹ́tà náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó ṣe rí àwòrán yẹn, àyà rẹ̀ já. Kíá ló tẹ wáyà pé kí wọ́n tọ́jú egungun ẹja náà àti ìjàgbọ̀n rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, ìfun àtàwọn nǹkan inú ẹja ti bá ààtàn lọ!

Kí ló dé tí àyà Smith fi já? Coelacanth lorúkọ ẹja yìí, síìlákáǹtì ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Ara òkúta nìkan làwọn ọ̀mọ̀wé ti ń rí àpẹẹrẹ rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó ti kú tán pátápátá láti bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, lásìkò táwọn ẹranko gìrìwò tí wọ́n ń pè ní dáínásọ̀ run. Òun náà wá rèé lórí ọmọlanke! Latimeria chalumnae ni Smith sọ ọ́, ó fi orúkọ Marjorie àti odò Chalumna, tí wọ́n ti pa á nítòsí ẹnu rẹ̀, sọ ọ́ lórúkọ.

Nítorí nǹkan inú tó ti dànù yẹn, ọdún 14 ni Smith fi wá ẹja kejì. Ó tẹ ìwé pélébé pélébé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí, ó ní ẹni tó bá rí i yóò gba 100 pọ́n-ùn. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ọdún 1952, apẹja kan tó ń jẹ́ Ahamadi Abdallah pa ọ̀kan ní erékùṣù Comoros. Wọ́n ti fẹ́ẹ́ gé e lọ́jà kí tíṣà kan tó dá a mọ̀. Smith bẹ olórí ìjọba South Africa, D.F. Malan, ẹni tí ìjọba rẹ̀ gbé òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kalẹ̀, onítọ̀hún sì fún un ní bàálù àwọn ológun. Nígbà tí Smith fojú kan ẹja náà, ẹkún ló bú sí. Wọ́n ní Malan wò ó, ó ní ó mà burẹ́wà o, ṣé bá a ṣe rí nígbà kan nìyí? Smith ní òun ti rí èèyàn tó burẹ́wà jù ú lọ.

Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni pé àwọn ará Comoros ti mọ ẹja náà tipẹ́tipẹ́, gombessa ni wọ́n ń pè é. Ẹran rẹ̀ ò tilẹ̀ jọ wọ́n lójú. Wọ́n ní ìpẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ha tíúbù kẹ̀kẹ́ tó bá jò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, bí àwọn fọkanáísà ṣe ń ṣe. Ohun táwọn ọ̀mọ̀wé ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò àwọn apẹja ló wà.

Kò tán síbẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 1997, Mark Erdmann àti ìyàwó rẹ̀, Arnaz, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ń gbádùn ara wọn lọ́jà Manado ní Indonesia. Ìyàwó ló kọ́kọ́ rí ẹja abàmì kan lórí ọmọlanke. Wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀ pé kó máa tà á lọ. Wọn ò mọ̀ pé wọn ò tíì rí síìlákáǹtì rí ní gbogbo àgbègbè yẹn! Lóṣù Keje, ọdún 1998, làwọn apẹja tó mú òmíràn wá, ìwádìí sì fi hàn pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni.

Lónìí, síìlákáǹtì ò pọ̀ nínú òkun, òfin àgbáyé sì ti lòdì sí kíkó o ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Marjorie jáde láyé lọ́dún 2004, lẹ́ni ọdún 97. Àmọ́ ẹja tí dẹ́rẹ́bà takisí ń sá fún òórùn rẹ̀ yẹn ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù East London dòní, aráyé ló ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó.