Ẹni tó máa jẹ́ Ààrẹ Kòtẹ́milọ́rùn: kí ló kan àwa ará ìdálẹ̀ níbẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní ìdálẹ̀, mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa sọ tí ẹ bá rí àkọlé yìí: ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà nìyẹn, ọjà ni tiwa. Ẹ ní sùúrù. Tí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ yín ní ìlú tí kì í ṣe ìlú baba yín, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbà lọ, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló sì máa ń pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ ibẹ̀. Mi ò ní wọ́n ń ṣe ojúsàájú o. Àmọ́ tí ìdájọ́ wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn wà, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni ín. Láti 1976 ló ti wà. Ó ní ẹ̀ka ní Jos, Kàdúná, Kánò, Ṣókótó, Yola, Owerri, Port Harcourt àti ibòmíràn. Adájọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ kan, wọ́n sì lè wá láti igunkígun Nàìjíríà.

Ẹni tó jẹ́ olórí ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ààrẹ Kòtẹ́milọ́rùn, ló ń pín àwọn adájọ́ sí ẹ̀ka. Òun náà ló ń yan àwọn tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ìbò gómìnà àti ti àwọn aṣòfin. Ẹni tó bá ti wà níbi tí ìbò ti dá wàhálà sílẹ̀ rí mọ̀ pé tí àwọn tó fìdí rẹmi bá gbà pé wọ́n á gbọ́ tẹnu àwọn, ọ̀pọ̀ ọjà ni ò ní jóná.

Abala 238 nínú òfin 1999 ló sọ bí wọ́n ṣe ń yàn án. NJC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, á dábàá orúkọ fún Ààrẹ orílẹ̀-èdè, Ààrẹ á fi ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́nétọ̀, àwọn yẹn á fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n kọ̀. Abala yẹn ò béèrè ìlú tàbí ẹ̀sìn.

Ní oṣù Kẹta 2020, Adájọ́ Zainab Bulkachuwa, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà, pé 70 ọdún, ó fẹ̀yìntì. Adájọ́ Monica Dongban-Mensem, ọmọ ìpínlẹ̀ Plateau, ló tẹ̀ lé e. Láti 2003 ló ti wà ní Kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n fi í ṣe adelé fún oṣù mẹ́ta, wọ́n tún fi oṣù mẹ́ta míì kún un, ni ariwo bá sọ: àwọn kan ní torí pé Krìstẹ́nì láti Àríwá ni, wọ́n fẹ́ fò ó dá. Nígbà tó di oṣù Keje, àwọn sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Cross River ní oṣù Kẹta yẹn kan náà. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ni tiwọn, kì í ṣe Kòtẹ́milọ́rùn, àmọ́ àwa gan-an lọ̀rọ̀ náà bá wí. NJC ní kí Adájọ́ Akon Ikpeme di adájọ́ àgbà. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́, ọmọ ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ ọ́, wọ́n ní Akwa Ibom ni orírun rẹ̀, pé ó lè jẹ́ ewu fún ààbò ìpínlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, títí di 1987, ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni méjèèjì! Ó di 2021 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Tí ìyàwó ilé bá ṣì ń jẹ́ àlejò, àwa tí a kàn wá tajà ńkọ́?

Ní 2027, Adájọ́ Dongban-Mensem náà á pé 70. Ọdún ìbò sì ni. Orúkọ tuntun á dé iwájú àwọn sẹ́nétọ̀, àwọn kan nínú wa á sì kọ́kọ́ béèrè bóyá Yorùbá ni. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Tí onítọ̀hún bá jẹ́ Tiv, Ìgbò tàbí Hausa, tí ìdájọ́ rẹ̀ ṣeé kà, tí NJC ò bá a wí rí, ẹ jẹ́ ká dúró tì í, ká ní kí wọ́n má fi ìlú rẹ̀ dá a dúró.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta, Abuja ní ọ̀kan. Ibi tí ẹ ti ń dìbò ni sẹ́nétọ̀ yín wà, kì í ṣe Ọ̀ṣun tàbí Ọ̀yọ́ tí ẹ ti wá. Kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí i, kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ iye ọmọ ẹgbẹ́ tó ní káàdì ìdìbò ládùúgbò yẹn sínú rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni sẹ́nétọ̀ máa kọ́kọ́ wò.